Orúkọ Bàbá Àgbà Wà Nínú Àwo, Abẹ́rẹ́ Kò Jẹ́ Ká Gbọ́ Ọ

Lẹ́tà tó dé sọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá kò kéré, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá onígbàjámọ̀ kan ló kọ ọ́. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ orin tòkunbọ̀, èyí tó ní ẹ̀rọ àwo, ampilifáyà, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àti sípíkà ńlá méjì. Ó ní irú rákì wo ni kí òun kó o lé, ibo sì ni kí òun gbé e sí nínú pálọ̀? Ìyàwó òun ní ibi tó bá wu òun ni kí òun gbé e sí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dí fèrèsé, kò gbọdọ̀ kan àga òun, kò sì gbọdọ̀ wà lọ́nà ibi tí àlejò ń gbà wọlé.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo wá dákẹ́, torí lẹ́tà náà rán mi létí ohun tí ojú wa rí nílé wa ní Abẹ́òkúta lọ́dún tó kọjá. Ilé ìwé girama ni mo kà dé o, mi ò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbì kankan. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló fi rí i, owó mi sì bá a lọ.

Ẹ̀yin àgbà ò ní gbàgbé owó Údójì. Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ gbé àbọ̀ wọn jáde lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 1975, àfikún owó oṣù pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan já lu àwọn èèyàn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan ra fíríìjì, àwọn kan tilẹ̀ fi fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Bàbá àgbà mi, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, sitẹrió ló rà. Ìyá àgbà ní ọjọ́ tó gbé e wọlé, gbogbo àdúgbò ló wá wò ó bí ẹni wá wo ọmọ tuntun.

Àwo tó wà nílé náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Haruna Ishola wà níbẹ̀, Yusuf Olatunji wà níbẹ̀, Ayinla Omowura tiwa n'Ítòkò kò ṣe é fẹnu sọ. Obey àti Sunny Adé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwo kan wà tó ju gbogbo wọn lọ lójú Ìyá àgbà. Olórin àpàlà kan ló kọ ọ́, kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí, òkìkí tirẹ̀ ò kọjá agbègbè wa. Ó fi ẹ̀yìn àwo náà ki ẹgbẹ́ tí bàbá àgbà wà. Ó ń pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ pẹ̀lú oríkì, pẹ̀lú orúkọ ìyàwó. Bàbá àgbà ni ẹni kẹfà.

Ní 2003 ni bàbá àgbà kú. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà, mi ò mọ̀ ọ́n ju inú fọ́tò lọ. Látìgbà náà ni ẹ̀rọ yẹn ti wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́dún tó kọjá ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń tún rédíò ṣe, ó pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀, ó wá abẹ́rẹ́ tuntun sí i, ẹ̀rọ bá ń ké. Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò wá orin náà lórí fóònù. Mo wá a, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo wá a títí dáta mi fi tán. Kò sí níbẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń pe orúkọ bàbá àgbà mi láyé yìí ni inú àwo yẹn.

Ọ̀rọ̀ rákì ló kù. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta àga àti tábìlì ni mo ti rà á. Rákì náà dúdú, ó ń dán, ìlẹ̀kùn gíláàsì wà níwájú, táyà kéékèèké mẹ́rin wà lábẹ́. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ìbú rẹ̀ náà tó mẹ́rin. Ọkùnrin náà fọwọ́ gbá a, ó ní òkè òkun ló ti wá. Mi ò mọ̀ pé pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni, tí wọ́n wá fi rọ́bà dúdú bò lójú. Mo kó gbogbo nǹkan sí i bó ṣe wù mí. Ẹ̀rọ àwo wà lókè pátápátá, sípíkà kan lọ́tùn-ún rẹ̀, ọ̀kan lósì. Àwo orin wà ní pẹpẹ tó tẹ̀ lé e. Mo ti ampilifáyà mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì, mo gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Nísàlẹ̀, àwo oúnjẹ Ìyá àgbà díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìyá àgbà mú aṣọ kíróṣé funfun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó tẹ́ ẹ káàkiri, ó gbé òdòdó rọ́bà lé e. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa rẹwà tó. A ya fọ́tò níwájú rẹ̀.

Ìgbà tí a tan iná sí i ni a mọ̀ pé a ò tíì ṣe nǹkan kan.

Bí mo ṣe yí ohùn sókè díẹ̀, ariwo kan bẹ̀rẹ̀, hùùùùù, bíi ti ẹran tí wọ́n fẹ́ dúńbú. Bí mo bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á dákẹ́. Bí mo bá gbé e sókè, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, mo gbé e padà lọ bá ọ̀gá alátùn-únṣe, kò ké níbẹ̀. Òun ló wá là mí lójú. Ó ní abẹ́rẹ́ tó wà lórí àwo yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀: kó máa gbọ̀n. Ọ̀nà tóóró kan ni wọ́n gbẹ́ yípo ara àwo, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà rí gbágungbàgun, bí abẹ́rẹ́ bá ń gba ibẹ̀ kọjá, á máa gbọ̀n, ẹ̀rọ á sọ ìgbọ̀n yẹn di iná kékeré, ampilifáyà á sọ iná kékeré di ńlá, sípíkà á wá sọ ọ́ di orin. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbọ̀n tó ti ara àwo wá àti èyí tó ti ara pákó wá. Èyí tó bá ṣáà dé bá a ló ń gbé lọ. Nígbà tí mo wá gbé sípíkà lé pákó kan náà pẹ̀lú rẹ̀, sípíkà kọrin, pákó gbọ̀n, abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ, ó gbé e padà fún sípíkà, sípíkà tún fi kún un. Bí olófòófó méjì ni wọ́n rí, tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu ara wọn: ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀fẹ̀ láàárọ̀, kó tó dalẹ́ ó ti di ìjà.

Orin àpàlà ló tún wá burú jù fún un, torí agídìgbo. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ti alágídìgbo rí, ẹ mọ̀ pé ohùn rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yẹn, inú àyà lèèyàn ti ń gbọ́ ọ kó tó dé etí. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ló ń mi pákó jù.

Èyí ni èkínní. Ẹ̀ẹ̀kejì, lẹ́yìn wákàtí kan, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rùn nínú pálọ̀ bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá pẹ́ lórí aṣọ. Mo ṣí gíláàsì, mo fọwọ́ kan ampilifáyà, mo fa ọwọ́ mi yọ kíá. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lórí ampilifáyà, imú rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ooru inú rẹ̀ ń gbà jáde. Èmi gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì lé imú rẹ̀, Ìyá àgbà fi kíróṣé bò ó, a wá ti gíláàsì mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kò ní pẹ́ láyé. Ọlọ́run ló ní fíúsì nìkan ló jó.

Ìyẹn náà kéré sí èyí tó kàn. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, wà nílé. Ó rí òdòdó rọ́bà, ó fẹ́ mú un. Ó di ìlẹ̀kùn gíláàsì mú, ó fi ẹsẹ̀ kan gun pẹpẹ ìsàlẹ̀ bí ẹni ń gun àkàbà. Táyà abẹ́ rákì yí, rákì sún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú. Àwo tó lé ní ọgọ́rùn-ún wà lókè, sípíkà méjì wà lókè, kí ló wà nísàlẹ̀ tó máa dì í mú? Àwo oúnjẹ márùn-ún. Ìyá mi tó ń bọ̀ láti ilé ìdáná ló fò mọ́ ọmọ náà, ó fà á ní kọ́là ẹ̀wù, sípíkà kan sì já lulẹ̀ gbìì sí ibi tí ọmọ yẹn dúró sí. Gíláàsì fọ́ yángá. Ojú kékeré kan ló họ ọmọ náà lápá. Fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní: "Ọkọ mi, kó nǹkan yìí kúrò níwájú mi. Bí orúkọ bàbá yín bá máa gba ẹ̀mí ọmọ, ká má gbọ́ ọ mọ́."

Ọkọ mi ló máa ń pè mí. Mo kó o kúrò. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, àpótí tún padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀gá káfíńtà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi ló wá gba ọ̀ràn náà rò. Ó wo òkú rákì tí mo rà, ó fi èékánná ha igun rẹ̀, ìyẹ̀fun ń dà sílẹ̀, ó mi orí. Ó ní pákó oníyẹ̀fun yìí, bí omi bá kàn án nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ ilẹ̀, wíwú ló máa wú bíi búrẹ́dì inú tíì. Mo ní ṣé ká fi arère ṣe òmíràn. Ó ní arère fúyẹ́, ó rọrùn láti fá, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Ìrókò ni ikán máa ń rí tó máa bá tirẹ̀ lọ. Ìrókò wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi férémù ilẹ̀kùn àtijọ́ kan hàn mí tó tú nínú ilé tí wọ́n wó. Ìrókò gidi ni, ó ti gbẹ kanrin, kò sí pé ó tún ń wọ́. Òun la fi ṣe é. Ẹ̀yin tí owó ò tó lọ́wọ́ yín, ẹ máa wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà dáadáa.

Ó ní kí n gbé gbogbo ẹ̀rọ wá kó tó wọn igi. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ẹ̀rọ àwo wa fẹ̀ tó íǹsì 17, ampilifáyà náà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí inú rákì fẹ̀ tó íǹsì 20, kó sì jìn tó 18, torí wáyà ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ń fẹ́ ibi tó máa sùn sí. Pẹpẹ òkè pátápátá ni ti ẹ̀rọ àwo, kò sí nǹkan mìíràn lókè rẹ̀, torí ìdérí rẹ̀ máa ń ṣí sókè bí ẹnu ọ̀nì. Gíga rẹ̀ kò kọjá ìbàdí àgbàlagbà, kí ọwọ́ tó ń gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ má baà máa gbọ̀n. Ampilifáyà wà lábẹ́ rẹ̀, àlàfo íǹsì 6 wà lókè orí rẹ̀. Níwájú, kò sí gíláàsì. Lẹ́yìn, kò sí pákó ìdérí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé, ó ń fẹ́ jáde. Ìyá àgbà ní ṣé kíróṣé òun wá di ohun ìsọnù ni? Mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí àga. Àní ó ṣì ń bínú díẹ̀.

Nísàlẹ̀ pátápátá ni a kó àwo sí. Ọ̀gbọ́n ńlá ló wà níbẹ̀ o. Àwo ńlá ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú páálí wọn lè súnmọ́ ìdajì àpò sìmẹ́ńtì, bí ẹ bá fi ìyẹn sísàlẹ̀, rákì á jókòó bí ìyá oníyán. Òró ni àwo máa ń dúró, kì í sùn lé ara wọn bí aṣọ inú báálì, kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ tì, àì jẹ́ bẹ́ẹ̀ á wọ́. Ẹ fún un ní gíga íǹsì 14, torí àwo fúnra rẹ̀ jẹ́ 12, páálí rẹ̀ lé díẹ̀ sí i, ọwọ́ yín náà sì ní láti ráyè wọlé. A gbé pẹpẹ yìí sókè ní íǹsì 4 kúrò nílẹ̀ nítorí omi ìfọlẹ̀.

Mo ní ẹsẹ̀ mélòó? Mo sọ fún ọ̀gá káfíńtà pé ṣebí wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, kó ṣe é ní ẹsẹ̀ mẹ́ta kó má baà máa mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í mì lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, ṣùgbọ́n ààrò kì í ga tó ìbàdí, ọmọdé kì í sì í gun un. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ṣe, ó ki èèkàn pẹlẹbẹ sábẹ́ ọ̀kan tí kò kanlẹ̀. Kò sí táyà. Síkúrù àti gọ́ọ̀mù ló fi dè é, kì í ṣe ìṣó lásán, torí ìṣó máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bí nǹkan bá ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ó fi irin méjì tó tẹ̀ bí igunpá dè é mọ́ igi ńlá abẹ́ ilẹ̀, torí ògiri ilé wa, amọ̀ ni, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú, síkúrù ò lè dì í mú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wá fi ara tì í láti ìgbà náà. Kò mira.

Ó wá kan ibi tí a máa gbé e sí. Ọ̀gá onígbàjámọ̀, ẹ fetí sílẹ̀, torí ìyàwó yín jàre níbi ọ̀rọ̀ fèrèsé. Oòrùn tó ń gba fèrèsé wọlé lọ́sàn-án lè sọ àwo di páńda. Òjò náà ń gba ibẹ̀ fẹ́ wọlé. Ẹ má sì gbé e sí igun pálọ̀, torí igun ni ohùn ìlù ńlá máa ń kóra jọ sí, á wá máa mi rákì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé rákì sáàárín sípíkà méjèèjì nítorí kó lè ṣojú ní gúúngún. Kò burú bí ẹ kì í bá yí ohùn sókè. Èyí tó dára jù ni kí rákì wà lára ògiri ẹ̀gbẹ́, kí sípíkà wà níwájú. Wáyà sípíkà lè gùn bó bá ti nípọn, ṣùgbọ́n wáyà tó ti ara ẹ̀rọ àwo lọ sára ampilifáyà ní láti kúrú. Ẹ má ká a pọ̀ mọ́ wáyà iná, kò ní jẹ́ kí orin mọ́. Wáyà tín-ínrín kan tún wà lẹ́yìn ẹ̀rọ àwo tó dá dúró. Ẹ dè é mọ́ ojú ìdè tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn ampilifáyà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa gbọ́ mùùù bí oyin.

Sípíkà ní ìjókòó tirẹ̀ lọ́tọ̀: àpótí igi méjì, kí ẹnu rẹ̀ kékeré òkè bá etí ẹni tó jókòó dọ́gba, kí wọ́n sì kúrò lára ògiri díẹ̀. Sítábíláísà, ilẹ̀ ni kó wà, jìnnà sí ẹ̀rọ àwo. Bí NEPA bá sì mú iná lọ (orúkọ yẹn ti kú nínú ìwé ìjọba láti 2005, ẹnu wa ni kò jẹ́ kó sinmi), ẹ yọ púlọ́ọ̀gù kó tó padà dé.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tò tán, mo yá lẹ́fùlù lọ́wọ́ bíríkìlà àdúgbò, mo gbé e lé pẹpẹ òkè níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tẹ́jú. A tan iná, mo gbé ohùn sókè, kò sí hùùù mọ́. Mo fọwọ́ kan ampilifáyà lẹ́yìn wákàtí méjì, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Mo ní ó parí.

Kò tíì parí o. Ẹ rántí pé orúkọ bàbá àgbà ni ẹni kẹfà. Olórin pe ẹni kìíní, ó pe ẹni kejì, Ìyá àgbà ń mi orí. Nígbà tó pe ẹni karùn-ún, Ìyá àgbà dìde. Ó so gèlè rẹ̀ le, ó gbé ẹsẹ̀ jó bọ́ síwájú. Àtẹ̀gùn ni ẹ ń gùn dé pálọ̀ wa, òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni, pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ láti ayé àwọn bàbá. Bí ẹsẹ̀ Ìyá àgbà ṣe balẹ̀, pákó ṣe wìì, abẹ́rẹ́ ta pọ́n-ún, ó bọ́ sórí ẹni kẹjọ.

Ìyá àgbà dúró lójú agbo. "Ibo ni wọ́n gbé e gbà?"

A tún un gbé. Ó tún dìde, abẹ́rẹ́ tún fò. Mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó gbọ́ ọ. Ó wò mí bíi pé mo bú u. Ó ní: "Kí wọ́n máa ki ọkọ mi, kí n jókòó?" Obìnrin tó ta àdìrẹ ní Ìtòkú fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá ọkọ lóhùn. Mo tilẹ̀ gbìyànjú kí n fi fóònù gbà á sílẹ̀ nígbà tí kò sí nílé, èmi náà gbàgbé ara mi, mo rìn lọ sí ìdí fèrèsé, ohun tí fóònù gbà sílẹ̀ ni ìgbà tí abẹ́rẹ́ fò.

Ilé tó bá jẹ́ dẹ́kì ni ilẹ̀ rẹ̀, ìṣòro yìí ò kàn yín rárá. Tó bá jẹ́ pákó bíi tiwa, tí ògiri sì jẹ́ búlọ́ọ̀kù, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà bá yín ṣe irin méjì, kí ẹ kàn án mọ́ ògiri, kí ẹ gbé ẹ̀rọ àwo nìkan lé e, ẹsẹ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Tiwa, amọ̀ ni. Ọ̀gá káfíńtà kọ́kọ́ sún rákì. Àárín yàrá ni pákó ilẹ̀ ti ń tẹ̀ jù, ìdí ògiri tí igi ìdábùú sùn lé ni kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Ó tú irin rẹ̀, ó gbé e lọ síbẹ̀, ó tún un dè. Ó dín kù. Tí èmi bá rìn, kò fò mọ́. Tí Ìyá àgbà bá jó, ó ń fò.

Ẹni tó wá bá wa yanjú rẹ̀, mi ò rò ó rí. Fọ́kánáísà tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ni. Ó gòkè wá gba owó táyà alùpùpù tí mo jẹ ẹ́, ó bá wa níbi tí a gbé ń ronú. Ó wo Ìyá àgbà, ó wo abẹ́rẹ́, ó ní: "Ṣé kòtò ọ̀nà ni ẹsẹ̀ Màmá jẹ́ fún un ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló dé tí ẹ ò wá fún un ní táyà? Ó sọ̀kalẹ̀, ó mú tíúbù kẹ̀kẹ́ ọmọdé wá, onínsì 12, ó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i, díẹ̀ péré, kó rọ̀ bíi móínmóín. A tẹ́ tíúbù náà sórí pẹpẹ òkè, ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kọjú síta. Ó kù ohun tó máa wúwo lórí rẹ̀. Atẹ́táìlì tó ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà kejì fún mi ní àjákù òkúta gíránáìtì kan tó gbòòrò díẹ̀ ju ẹ̀rọ àwo lọ, èmi àti òun la jọ gbé e gòkè. Òkúta lórí tíúbù, ẹ̀rọ àwo lórí òkúta. Ó tẹ̀ sápá kan lákọ̀ọ́kọ́, torí ẹ̀rọ àwo kì í wúwo dọ́gba, mo wá ń sún un díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú lẹ́fùlù títí tí omi inú lẹ́fùlù fi dúró láàárín. Láàárín oṣù kan sí méjì, ẹ máa yẹ atẹ́gùn rẹ̀ wò, torí tíúbù máa ń jò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday ni. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, mo ní kó máa gbà á sílẹ̀. Fọ́kánáísà wà níbẹ̀, ìyá mi wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lórí itan ìyá mi. Ẹni kìíní kọjá, ẹni kejì kọjá. Nígbà tó kan ẹni karùn-ún, Ìyá àgbà dìde. Ó gbé ẹsẹ̀, pákó ṣe wìì, gbogbo wa wo abẹ́rẹ́. Òkúta rọra mì bí ọkọ̀ ojú omi, abẹ́rẹ́ ò kúrò. Olórin pe orúkọ bàbá àgbà, ó pe oríkì rẹ̀, ó wá pe orúkọ Ìyá àgbà tì í. Ìyá àgbà figbe ta. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ owó, ó ń wá iwájú orí tó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́, nígbà tí kò rí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú sípíkà.

Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí fóònù gbà, igbe Ìyá àgbà ti bo ìdajì oríkì náà mọ́lẹ̀. Mo bi í pé ṣé ká tún un gbà. Ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.